Ẹ Fọ̀ Ọ́ Ná, Kí Ẹ Tó Fi Òróró Sí I

Ìjẹ́wọ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá, mo mú ìgò òróró ólífì tí a fi ń gbàdúrà nílé wa, mo sì dà á sí ojú ọrùn jìtá ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀kán kan tàbí méjì. Mo dà á bí ẹni tó fẹ́ din dòdò. Mo fi ọwọ́ pa á wọnú igi, mo gbàdúrà lé e lórí, mo gbé e padà síbi tí mo ti bá a, mo sì wọ aṣọ iṣẹ́ mi, ó di wọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ní lọ́jọ́ náà. Nínú bọ́ọ̀sì, inú mi ń dùn pé mo ti ṣe ọmọ mi lóore.

Jìtá yìí kì í ṣe jìtá lásán. Jìtá báàsì olókùn mẹ́rin ni, èyí tí bàbá mi ń ta nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Òṣogbo nígbà tí mo wà ní kékeré. Lẹ́yìn ìsìn, kí bàbá mi tó fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀sán, wọn yóò yọ aṣọ ìnujú funfun láti inú àpò, wọn yóò nu okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn yóò nu ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e sínú àpótí. Ebi á ti máa pa àwa ọmọ, a ó sì máa kùn. Nígbà tí bàbá sùn nínú Olúwa, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti aṣọ. Èmi tọrọ jìtá. Mo gbé e wá sí Manchester níbí. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, jìtá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni báyìí, ó sì ti ń ta á nínú ìjọ láti ọdún mẹ́ta.

Kí ló dé tí mo fi da òróró sí i? Ohun méjì ni mo rí. Èkíní, pákó pẹlẹbẹ tó wà lójú ọrùn jìtá náà, níbi tí a ti ń fi ìka tẹ okùn, ti gbẹ. Ó ti ń funfun bí ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ mú. Àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú pákó náà, tí àwọn olórin ń pè ní fret, ti ń yọ ṣóńṣó jáde létí ọrùn, wọ́n sì ti họ ọmọ náà lọ́wọ́ òsì. Èkejì, ọmọ mi kò bá ẹgbẹ́ akọrin lọ sí ìdánrawò fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo ti gbàdúrà. Mo ti fi òróró kan iwájú orí rẹ̀ lóru nígbà tó ń sùn. Mo ti fi ìwàásù mẹ́ta ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó sì dáhùn pẹ̀lú àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo. Nígbà tí mo wá rí jìtá tó gbẹ, mo ní, “Háà, ohun tó ń dà á láàmú nìyí.”

Nígbà tí mo dé láàárọ̀, ó jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú jìtá lórí itan. Ó gbé ìka rẹ̀ sókè, òróró ń kán.

“Mọ́mì, kí lẹ fi sí i?”

“Òróró ni. Ó ti gbẹ jù.”

Kò pariwo. Ó gbé e sínú àpótí, ó tì í, ó sì lọ sílé ìwé. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Nígbà tí oṣù kan fi kọjá, tí mo ṣí àpótí náà wò, ojú ọrùn jìtá ti lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, eruku ti so mọ́ ọn, ó sì ń rùn bí òróró tó ti pẹ́ nínú agolo.

Mo gbé e lọ bá òyìnbó àgbàlagbà kan tó ń tún jìtá ṣe. Ọmọ mi tẹ̀ lé mi, kò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà fi èékánná ha ojú pákó náà, ìdọ̀tí dúdú sì jáde, ìlàágùn àti eruku ọdún púpọ̀ tí òróró mi ti dè mọ́lẹ̀. Ó wo èmi, kò wo ọmọ. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé mo fọ̀ ọ́ kí n tó fi òróró sí i?

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn gún mi. Mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Mo kàwé gboyè nínú rẹ̀. Lára ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tuntun ni pé ẹ ṣí ọgbẹ́ wò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wo ohun tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ tó ronú ìpara. Bí ẹ bá fi ìpara bo ìdọ̀tí, ojú ọgbẹ́ á máa dán, ìsàlẹ̀ á sì máa kẹ̀. Mo mọ èyí ní wọ́ọ̀dù. Nílé mi, mo gbàgbé.

Ọkùnrin náà là á yé wa. Òróró oúnjẹ kì í gbẹ lára igi bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Yálà ti ólífì ni tàbí ti ẹ̀pà, á di ohun tó ń lẹ̀ tó sì ń rùn. Ó tún ní òróró kọ́ ló ń lé gbígbẹ igi lọ, afẹ́fẹ́ yàrá ló ń gbẹ ẹ́. Ọyẹ́ ilé wa ní Nàìjíríà máa ń mú ètè là, máa ń mú gìgísẹ̀ sán, ṣùgbọ́n òjò á padà rọ̀. Níbí, a máa ń tan hítà láti ìgbà tí ewé bá ń wọ́ títí ìgbà ìrúwé. Ọyẹ́ tí a ń fi owó ara wa rà ni. Igi á sún kì, irin kì í sún kì, ìdí nìyẹn tí etí irin fi ń yọ jáde tó ń họ ọwọ́. Ọkùnrin náà fi ayùn kékeré yún etí irin wọ̀nyẹn dán, ó gba owó ìyẹn nìkan, ó sì ní ká lọ fọ ìyókù fúnra wa, nítorí kò le. Ó kọ ọ́ sórí ìwé fún wa.

Bí a ṣe ṣe é ní Sátidé

A tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì ìjẹun, a ká aṣọ mìíràn sábẹ́ ọrùn jìtá kó má baà mì. A tú okùn, a yọ ọ́ kúrò. A kọ́kọ́ wo irú igi tó jẹ́. Ẹ má fojú fo èyí. Igi aláwọ̀ ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ ní ihò wínníwínní, tí wọ́n ń pè ní rosewood, àti ebony tó dúdú, ni wọ́n máa ń gba òróró díẹ̀. Ṣùgbọ́n maple, tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin, sábà máa ń ní vánìṣì lójú. Tí vánìṣì bá ti wà níbẹ̀, òróró kò ní ibi tó máa wọ̀, aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ ti tó o. Rosewood ni ti bàbá mi.

Jìtá báàsì yìí ní òòfà lábẹ́ okùn, òun ló ń gbé ohùn lọ sínú ẹ̀rọ. A fi tépù bébà bo ibẹ̀ dáadáa, torí a fẹ́ lo irun irin, irú èyí tó fẹ́lẹ́ jù lọ, tí wọ́n kọ 0000 sí lára. Bí ẹ kò bá bo òòfà náà, yóò fa gbogbo ẹ̀hun irin náà mọ́ra, kò sì ní rọrùn láti kó kúrò.

A fi aṣọ gbígbẹ nu eruku kúrò. Lẹ́yìn náà, nítorí òróró tí mo ti dà, a ní láti lo ohun tí ọkùnrin náà kọ sílẹ̀, epo fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń rọ láítà, díẹ̀ lára aṣọ. Epo yìí a máa gbaná kíákíá, torí náà a ṣí fèrèsé, a wọ ìbọ̀wọ́, a sì pa gbogbo iná ìdáná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe èyí láìsí àgbà nítòsí. Jìtá tí ẹnikẹ́ni kò da òróró oúnjẹ sí kò nílò rẹ̀ rárá. Aṣọ tí a fi omi kan díẹ̀, tí a fún gbẹ, ti tó. Omi kò gbọdọ̀ dúró lójú igi.

Ẹ̀gbẹ́ irin kọ̀ọ̀kan ni ìdọ̀tí máa ń sá sí jù. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ tó rọ̀ ni a fi fọ ibẹ̀. Ibi tó le, a fi etí káàdì báńkì tí kò wúlò mọ́ ha á díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni a fi irun irin fẹ́lẹ́ nà án gba ọ̀nà tí igi gbà, kì í ṣe ìdàkejì rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìka ọmọ mi ló wọ àárín irin tó sún mọ́ ara wọn, èmi sì ń fọ apá òkè tó fẹ̀.

Iṣẹ́ ìdọ̀tí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin karùn-ún la wà tó fi sọ̀rọ̀. Ọwọ́ wa kún, ojú wa wà nílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá jókòó kọjú sí i lè sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ṣe nǹkan. Mo rí i lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́nu iṣẹ́: aláìsàn tó dákẹ́ níwájú dókítà á sọ ohun gbogbo nígbà tí mo bá ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ rántí ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn? Ọjọ́ tí wọ́n yí ohùn orin padà tí mi ò tètè gbọ́?”

Mo rántí. Ẹni tó ń dá orin gbé ohùn sókè láàárín orin, báàsì sì pẹ́ kó tó bá wọn. Àgbà kan nínú ìjọ gba máìkì, ó ní, “Ẹ má dá a lẹ́bi, ọmọ òyìnbó ni, kò gbọ́ orin Yorùbá.” Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Ṣé nítorí ìyẹn ni? Ṣebí àwàdà ni bàbá yẹn ń ṣe.”

Búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ dúró. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè ọkùnrin tó tún jìtá ṣe padà sí mi létí. Èmi nìyí, mo tún gbé ìgò mi dé, mo tún fẹ́ da òróró lé ibi tí n kò tíì fọ̀. Mo pa ẹnu mi dé. A ń fọ̀ ọ́ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀, kò sí ohùn kankan nínú ilé àyàfi ti búrọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín,” ló sọ. “Ẹ̀yin lẹ máa wàásù lọ́jọ́ náà. Mo wo ojú yín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, Mọ́mì.”

Mo ní àlàyé. Mo fẹ́ sọ pé mo rẹ́rìn-ín kí ìjọ má baà rò pé mo bínú kí n tó gun àga ìwàásù. Mo fẹ́ sọ pé ojú ń tì mí pé èmi tí mo bí i ni n kò kọ́ ọ ní Yorùbá tó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òróró náà ni gbogbo rẹ̀. Mo gbé aṣọ sílẹ̀.

“Òótọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.”

Kò dá mi lóhùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ti aṣọ náà padà sọ́dọ̀ mi, ó ní, “Apá ibẹ̀ yẹn ò tíì mọ́.” Mo gbé e, mo ń nù ún lọ. Mi ò gbé orí sókè, kó má baà rí ojú mi.

Ó kù òróró

Nígbà tí igi mọ́ tó sì gbẹ, a wá fi òróró sí i. Ẹ máa ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọrùn jìtá. Èyí tí wọ́n ń pè ní òróró ọsàn wẹ́wẹ́ nínú wọn, epo tí wọ́n mú jáde láti inú epo rọ̀bì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọmọ ìyá pàráfínì tó wà nínú ìpara tí àwa nọ́ọ̀sì ń fi pa awọ ara tó gbẹ. Òórùn ọsàn nìkan ni wọ́n fi kún un. Ẹ má lo ohun tí a fi ń dán tábìlì àti àga. Ẹ kán ẹ̀kán díẹ̀ sára aṣọ, kì í ṣe sára igi. Ẹ fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo èyí tó kù kúrò títí ọwọ́ kò fi ní yọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó. Ó yà mí lẹ́nu: èyí tí a lò kò kún ṣíbí ìtíì kan, jìtá náà sì dúdú, ó jọ̀lọ̀, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí bàbá mi wà.

Ìkìlọ̀ kan láti ẹnu nọ́ọ̀sì. Aṣọ tí òróró tàbí ìpara ti rin á gbaná kíákíá, ẹ má fi sí ẹ̀gbẹ́ hítà tàbí iná ìdáná. Bí ó bá jẹ́ òróró linseed lẹ lò, aṣọ tí ẹ ká jọ lè mú ara rẹ̀ gbóná títí yóò fi gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ rì í sínú omi, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, n kò sọ pé kí ẹ má gbàdúrà fún ọmọ. Mo ṣì ń gbàdúrà. Òróró ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Samáríà inú àkàwé Olúwa wa kò dúró lójú ọ̀nà kó máa ju òróró. Ó rí ọkùnrin náà, ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún. A ń da ọ̀pọ̀ nǹkan lé àwọn ọmọ wa lórí: àdúrà, ìmọ̀ràn, fóònù tuntun, àti “ṣé o mọ iye iṣẹ́ alẹ́ tí mò ń ṣe nítorí rẹ?” Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́ pẹ́ ju bó ṣe rọrùn fún yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣọ́ afẹ́fẹ́ inú ilé wa. A ra òdiwọ̀n kékeré kan tó ń sọ bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́; jìtá fẹ́ràn bí ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. A gbé e kúrò nítòsí hítà, inú àpótí rẹ̀ ló sì ń sùn. Nítorí òdiwọ̀n yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa afẹ́fẹ́ mìíràn: bí a ṣe ń fi Yorùbá àwọn ọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n bá gbìyànjú, tí a tún ń sunkún pé wọn kò sọ ọ́. Ọmọ tí a fi rẹ́rìn-ín á dákẹ́. Mo lọ bá àgbà ìjọ náà ní ìkọ̀kọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn kí n tó sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé ó dun ọmọ náà. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ sọ lẹ́yìn náà, tiwọn ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa òbí yín kì í ríran rí inú. Nígbà mìíràn, ohun tí ẹ rò pé a kò bìkítà fún, a kò mọ̀ ọ́n ni. Bí kò bá ṣeé sọ lójú, ẹ wá iṣẹ́ kan tí a lè jọ ṣe, kí ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ta jìtá nínú ìjọ, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó gbé e, ẹ nu okùn lẹ́yìn ìsìn, kó tó kan oúnjẹ. Bàbá àgbà kan ní Òṣogbo ló kọ́ wa.

Ọmọ mi kò tíì padà sí ẹgbẹ́ akọrin ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ó ń ta báàsì ní ìpàdé àwọn ọ̀dọ́, ó sì ń ta á nílé. Ní alẹ́ kan tí mo ń múra iṣẹ́, mo gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀, orin ọjọ́ ìdúpẹ́ yẹn ló ń kọ́, ó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tún ń padà. N kò kan ilẹ̀kùn. N kò mú ìgò kankan dání. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ mi lọ́wọ́ títí ó fi parí, mo sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Mo gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Gbólóhùn méjì ló ní kí n yọ, mo sì ti yọ wọ́n.

Kí Olúwa fún wa ní etí tó ń gbọ́, kí Ó sì kọ́ ọwọ́ wa ní sùúrù láti kọ́kọ́ fọ̀. Àmín.